Àpò Kékeré Ara Ògiri: Bí Orúkọ Tí Mo Kọ́kọ́ Sọ Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Kòkòrò Kan

Àwòrán àkọ́kọ́ wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ògiri funfun ló kún inú rẹ̀. Láàárín ògiri náà ni ohun bíńtín kan wà, aláwọ̀ eérú, tó fẹ̀ láàárín, tó sì ṣe ṣóńṣó ní ìparí méjèèjì. Mi ò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ara ògiri ni kámẹ́rà fojú sí. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ rí bàìbàì. Màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e nìyí: "Ọmọ mi, bá mi wo èyí. Ìgbẹ́ ọmọńlé ni mo pè é, mo sì ti gbá a dànù lánàá. Òmíràn tún wà níbẹ̀ lónìí. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí níbi tí mo ti rí i láàárọ̀ mọ́. Ó ti sún sókè."

Ìgbẹ́ kì í rìn. Ohun kan ṣoṣo tó dájú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, kì í sì í ṣe inú àwòrán ló ti wá, ẹnu Màmá ló ti wá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wo àwòrán kòkòrò. Àfòpiná ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, nítorí iná ilé ló ń fà wọ́n wá bá èèyàn. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu: nínú nǹkan bí 160,000 ẹ̀yà labalábá àti àfòpiná tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ, nǹkan bí 18,000 péré ni labalábá. Àfòpiná ni gbogbo ìyókù, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló sì kéré, tó rí bí eérú, tí kò ní àmì kan tó hàn gbangba. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí á ti kọ́ láti máa fara balẹ̀. Mo ti kọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ṣá, mi ò fara balẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi dáhùn. Mo ní ìdin àfòpiná ni, ẹbí Psychidae, àwọn tó máa ń gbé àpò kiri, tí wọ́n ń lẹ igi wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ mọ́ ara àpò náà, tí wọ́n sì ń so rọ̀ lára ẹ̀ka. Mo ti rí wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí gan-an tí mo fi yára nìyẹn: ohun tí ojú mi ti mọ̀ ni mo rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú àwòrán. Kò sí igi kankan lára àpò yìí, kò sí ewé. Ara ògiri inú ilé ló wà. Ó yẹ kí n ti bi ara mi pé kí ni ajewé ń wá nínú yàrá.

Mo tún fi ìmọ̀ràn kún un. Mo ní kí Màmá mú un sínú ìgò, kí wọ́n já ewé tútù láti ara igi tó sún mọ́ ilé jù sínú rẹ̀, kí wọ́n dé e kó má baà sá lọ. Wọ́n ṣe é bí mo ṣe wí.

Ní ọjọ́ kẹta wọ́n kọ̀wé: "Ìdin rẹ ò jẹ ewé o. Ewé ti rọ, omi ti ń sun lára ìgò, òun náà sì ti wọ inú àpò rẹ̀, kò yọjú mọ́. Ṣé kì í ṣe ebi ló ń pa á?"

Ọ̀ràn kejì tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà tí mi ò mọ̀ sí. Ọmọ Màmá fi àwòrán àkọ́kọ́ yẹn sínú ohun èlò ìdámọ̀ kan lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé Tineola bisselliella ni, àfòpiná tó ń jẹ aṣọ. Kíá ni wọ́n kó gbogbo aṣọ inú àpótí síta, wọ́n gbọ̀n wọ́n, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò rí ihò kan. Ọmọ náà ti ń múra láti fín oògùn apakòkòrò kiri ilé kí Màmá tó ní kó dúró dè mí ná.

Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Orúkọ méjì ni kòkòrò yìí gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí mo sọ ọ́ fẹ́ fi ebi pa á, èyí tí ẹ̀rọ sọ ọ́ fẹ́ fi oògùn pa á.

Mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Màmá tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n gbé àpò náà lé e, kí wọ́n fi rúlà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rúlà dára ju owó ẹyọ lọ, nítorí owó ẹyọ ibì kan kì í ṣe owó ẹyọ ibòmíràn, ṣùgbọ́n mìlímítà kan náà ni níbi gbogbo. Kí wọ́n pa iná fóònù tó máa ń kọ yànràn, torí ó ń sọ ara kòkòrò di funfun. Kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji lè fi hàn bóyá nǹkan pẹlẹbẹ ni tàbí róbótó. Kí wọ́n má ti fóònù wọ inú kòkòrò: kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀ títí ojú kámẹ́rà á fi mọ́lẹ̀, a ó gé ìyókù kúrò tó bá yá. Kí wọ́n ya òkè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ìparí rẹ̀ méjèèjì. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bí àwòrán lásán, torí pé àwòrán tí a bá fi ránṣẹ́ lásán máa ń fún pọ̀ lójú ọ̀nà, irun àti ìpẹ́ ìyẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ bá a lọ. Tí ó bá rìn, kí wọ́n ya fídíò.

Ìparí méjèèjì ni mo tẹnu mọ́ jù. Mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa nígbà yẹn. Mo kàn mọ̀ pé apá ibẹ̀ ni mi ò rí nínú àwòrán àkọ́kọ́.

Àwòrán márùn-ún àti fídíò kan dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ ò rí i bí tíṣà ṣe ń ṣiṣẹ́: gbogbo rẹ̀ ló mọ́, rúlà dúró gbọnrangandan, déètì sì wà lórí bébà. Àpò náà gùn tó mìlímítà 11, àárín rẹ̀ fẹ̀ tó mẹ́rin. Pẹlẹbẹ ni, ó rí bíi kóró elégédé. Ìyanrìn wẹ́wẹ́ ló bo ara rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́rún ọ̀dà ògiri, àti fọ́nrán òwú pupa kan ṣoṣo tí Màmá sọ pé ara kápẹ́ẹ̀tì yàrá ni. Ohun tó jẹ́ pé eérú ni lójú ẹni tó dúró lókèèrè, tí a bá sún mọ́ ọn, ìtàn ibi gbogbo tó ti rìn kọjá nínú ilé ló wà lára rẹ̀.

Fídíò náà ló yí gbogbo nǹkan padà. Orí aláwọ̀ ilẹ̀ dúdú yọ láti apá òsì, ẹsẹ̀ mẹ́fà tẹ̀ lé e, ó di bébà mú, ó fa àpò náà tẹ̀ lé ara rẹ̀, ó sinmi, ó tún fà. Ó rìn títí ó fi forí sọ rúlà. Ó kó orí wọlé. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò sí ohun tó mì àfi pé àárín àpò náà wú díẹ̀, ó sì fọn padà. Lẹ́yìn náà orí kan náà yọ láti apá ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á padà síbi tó ti wá. A gbọ́ ohùn Màmá nínú fídíò náà: "Háà! Ṣé orí méjì ló ní ni?"

Orí kan ló ní. Inú àpò náà ló ti yí padà. Ìdí tí àárín fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àpò Psychidae ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn: orí ń gba ibì kan yọ, ìgbẹ́ ń gba òdìkejì jáde. Èyí kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Àìjẹ ewé nìkan kò bá tó láti lé Psychidae kúrò, nítorí àwọn kéékèèké kan nínú wọn a máa jẹ ohun tútù tó ń hù lára òkúta àti ògiri. Ìparí méjì tó bára mu ló lé wọn kúrò.

Ó kù kí a wo Tineidae, ẹbí tí àwọn àfòpiná tó ń jẹ aṣọ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ ọmọ Màmá kò ṣìnà jìnnà. Ó sún mọ́ òótọ́ jù mí lọ, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Tineola bisselliella kì í gbé àpò kiri. Òun a máa ta òwú sórí ohun tó ń jẹ, a sì máa gbé abẹ́ òwú náà. Tinea pellionella, tí Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, sọ lórúkọ ní 1758, ń gbé àpò ní tirẹ̀, àmọ́ àpò rẹ̀ rí róbótó bí ọ̀pá kékeré. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ láàárín, tó ṣe ṣóńṣó ní ìparí méjèèjì, tó sì ń gbé ara ògiri níbi tí ọ̀rinrin wà, ìran Phereoeca ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ (ìran ni ìpele tó wà lábẹ́ ẹbí, òun ló kó àwọn ẹ̀yà tó bára tan jọ). Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ju ohun tí a fi hàn án lọ. Bí a bá fún un ní eérú bàìbàì lórí ògiri funfun, á mú orúkọ tó sún mọ́ ọn jù jáde, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé àfiwé lásán lòun ṣe.

Mi ò tún ní kéde orúkọ kí n tó dán an wò. Tí ó bá jẹ́ Phereoeca lóòótọ́, ilé aláǹtakùn àtijọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú òkú kòkòrò, irun àti wúùlù. Òwú lásán kì í ṣe tirẹ̀. Mo ní kí Màmá kó ewé dànù, kí wọ́n nu ìgò gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e dípò ọmọrí, kí wọ́n rẹ òwú ìtọ́jú egbò díẹ̀ sínú omi, kí wọ́n fi í sí igun kan, nítorí kì í fẹ́ ibi tó gbẹ táútáú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n ká ilé aláǹtakùn wá, kí wọ́n fi òkú ẹ̀fọn bíi mẹ́ta lé e.

"Ilé aláǹtakùn tí mo ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi gbá dànù," ni wọ́n kọ padà, "lo ní kí n lọ máa kó jọ báyìí." Ṣùgbọ́n wọ́n kó o jọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé aláǹtakùn ti tán nínú ìgò, ó ku ìyẹ́ ẹ̀fọn méjì.

Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ti rí àpò méjì mìíràn. Wọ́n fẹ́ dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti déètì lórí bébà alẹ̀mọ́. Wọ́n kùn. Ìgò mẹ́ta lórí fèrèsé kan kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé fẹ́ rí. Ìpinnu kékeré yẹn ló wá ṣe pàtàkì jù, bí ẹ ó ṣe rí i.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìdin inú ìgò kìíní gun ẹ̀gbẹ́ ìgò, ó fi okùn rẹ̀ so ìparí àpò méjèèjì mọ́ gíláàsì, ó sì tẹ ìparí kan pẹlẹbẹ bí ètè tó pa dé. Kò rìn mọ́. Màmá rò pé ó ti kú. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, nígbà tí ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra wọn.

Àfòpiná kékeré ni, eérú ni, kò ju mìlímítà mẹ́fà lọ láti orí dé ṣóńṣó ìyẹ́ tó pa pọ̀. Ó ká ìyẹ́ lé ara bí òrùlé. Àmì dúdú mẹ́ta hàn lórí ìyẹ́ iwájú, irun gígùn tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sì yọ ní etí ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ìwo orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó tẹ́ sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìyẹ́. Irun orí rẹ̀ dúró ṣàkàṣàkà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lẹ́nu àpò tó jáde kúrò nínú rẹ̀, awọ tó bọ́ sílẹ̀ ṣì yọ síta ní ìdajì. Màmá ti kọ́kọ́ gbé ìgò náà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, kó má baà máa fò. Ọgbọ́n tí mo kọ́ wọn nìyẹn, kì í pa á lára. Gbogbo ohun tí a rí bá Phereoeca mu.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà: "Ti ìgò kejì náà ti jáde o. Ṣùgbọ́n èyí dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán. Bóyá akọ ni."

Mo ṣí àwòrán náà. Ìyẹ́ mẹ́rin tó mọ́ gaara, kò sí ìpẹ́ kankan lórí wọn. Ìbàdí rẹ̀ fún bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó. Ìwo gígùn tó ń gbọ̀n. Kì í ṣe akọ, kì í ṣe àfòpiná rárá. Agbọ́n kékeré ni, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sínú ìdin ẹlòmíràn, tí ọmọ á jẹ ìdin náà láti inú títí á fi pa á, tí á wá gba inú àpò olóògbé jáde. Nítorí pé ó dúró lára gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀yìn wá, iṣan ìyẹ́ rẹ̀ hàn. Iṣan kan tó máa ń wà nínú ìyẹ́ Ichneumonidae, ẹbí agbọ́n kan tó jọ irú rẹ̀, kò sí nínú tirẹ̀, ni mo fi dúró sí ẹbí Braconidae. A mọ agbọ́n kan nínú ẹbí yìí, Apanteles carpatus, tó ń pa irú ìdin báyìí. Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n kò sọ pé òun ni èyí, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní ìgò kan náà ni àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, a kì bá mọ inú èwo ni agbọ́n ti wá. Ẹnì kan ì bá tilẹ̀ kó àwòrán àfòpiná àti ti agbọ́n sábẹ́ orúkọ kan, kí ó kọ "akọ àti abo" sí i. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Orí iNaturalist ni a kó wọn sí, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń fi àwòrán ohun alààyè tí wọ́n rí hàn kí àwọn ẹlòmíràn lè bá wọn dá a mọ̀, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹ̀dá kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ kan wà fún. Nítorí náà àpò, ìdin àti àfòpiná ìgò kìíní wà pa pọ̀, torí ẹ̀dá kan náà ni; agbọ́n ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan wá kọ Phereoeca uterella síbẹ̀. Tí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ sí i, ó lè di ohun tí àwọn onímọ̀ yóò máa lò bí ẹ̀rí, nítorí àdéhùn tó bá ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ti tó níbẹ̀, èèyàn méjì sì lè ṣe é. Mo kọ Phereoeca nìkan, mo sì ṣàlàyé: ẹ̀yà méjì tó máa ń wọ inú ilé báyìí, P. allutella tí Rebel sọ lórúkọ ní 1892 àti P. uterella tí Walsingham sọ lórúkọ ní 1897, kò ṣe é yà sọ́tọ̀ láti inú àwòrán. Wọ́n ti rí ti àkọ́kọ́ ní Sierra Leone, Liberia, Íńdíà àti Hawaii. Wọ́n ti rí ìkejì ní Florida àti Brazil. Ibi tí a ti ya àwòrán lè mú kí èèyàn fura sí ọ̀kan ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń gbé ara ògiri a máa bá ẹrù èèyàn rin ìrìn-àjò, kì í bọ̀wọ̀ fún àwòrán ilẹ̀. Láti mọ̀ dájú, ó di kí a tú ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tàbí kí a ka DNA rẹ̀ ní apá kan tí wọ́n ń pè ní COI, èyí tí onímọ̀ Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ní 2003 pé kí a máa fi dá ẹ̀yà ẹranko mọ̀. Fún àfòpiná tó kéré tó báyìí, èyíkéyìí nínú méjèèjì sábà máa ń já sí ikú rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní, "Mi ò tọ́ ọ dàgbà tán kí n wá pa á." Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí aṣọ ẹnu ìgò lójú fèrèsé. Ẹni tó kọ uterella fa orúkọ tirẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú inú rere, a sì fi àmì sí i pé àwòrán yìí kò lè gbé wa kọjá ìran. Àwọn kan rí irú ìdúró báyìí bí àìmọṣẹ́. Lójú tèmi, àkọsílẹ̀ tó dúró sí Phereoeca pẹ̀lú àwòrán mímọ́ wúlò ju ọgọ́rùn-ún tó dé orí ẹ̀yà lórí àbá lọ, nítorí ẹni tó bá ní máíkírósíkóòpù lọ́la lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí láìkọ́kọ́ tú irọ́ kankan.

Ìyípadà tó bá iṣẹ́ mi kò pọ̀. Mi ò kì í sọ orúkọ lórí àwòrán kan ṣoṣo mọ́ tí ohun náà bá ń gbé àpò. Mo máa ń béèrè ìparí méjèèjì àti fídíò. Tí mo bá sọ orúkọ, mo máa ń kọ ohun tí mo rí tí mo fi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè bá mi jà lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn oúnjẹ kì í tẹ̀ lé orúkọ lọ́jọ́ kan náà mọ́: mo máa ń ní kí wọ́n fi ohun tó wà níbi tí wọ́n ti rí kòkòrò náà sínú ìgò, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ sábà máa ń wà. Ní ti oògùn apakòkòrò, mo sọ fún ọmọ Màmá pé kí ó gbá ilé aláǹtakùn lára ògiri, kí ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Ó ti ṣe é, ó sì ti dín kù.

Ó ṣe é níbi gbogbo àfi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá kò jẹ́ kí ó débẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni oúnjẹ ìgò kẹta wà. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí ni mo ń wò bí mo ṣe ń kọ èyí: rúlà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó béèrè, àpò náà ti gùn sí i ní mìlímítà kan, ìdin náà sì ti lẹ ìyẹ́ ẹ̀fọn kan mọ́ ọn ní apá òsì.